Àfòpiná Abẹ́ Igbá

                                        Òkè-Ẹ̀ṣọ̀,
                                        Iléṣà.
                                        18 Oṣù Ọkitóbà, 1954.

Àmúdà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ilé ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Ìyá ti fúyẹ́? Sikirat àti ìkókó ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Àwọn àfòpiná ńlá tí èmi àtìrẹ máa ń ṣọ́ lọ́dọọdún láti ya fọ́tò wọn kí wọ́n tó kọjá lọ, wọ́n ti dé o. O mọ̀ pé oyin ni wọ́n ń wá kiri. Ìyẹn ni mo ṣe gbé kámẹ́rà lọ sùn nílé Béjidé, ọkọ Ọmọ́yẹlé àbúrò mi, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, torí oyin ni wọ́n ń tà. Ilẹ̀ mọ́, mo rí ọ̀kan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tó àtẹ́lẹwọ́, àwòrán bí ojú òkú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn dẹ́yìn! Mo yà á, mo wá fi ìgbálẹ̀ tì í kó lè kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ló bá ké bí èkúté tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Igbe yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ibà ti dá ọmọ ìyálé Ọmọ́yẹlé dùbúlẹ̀. Ìyá ọkọ wọn sáré jáde, ó rí ojú tó wà lẹ́yìn kòkòrò náà, ó ní àjẹ́ ti ké, bí ọmọ bá kú, kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè. Ó ní ta ni kò tíì jí nínú ilé? Ọmọ́yẹlé nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ òun ló tọ́jú ọmọ náà di ìdájí! Wọ́n fi igbá dé àfòpiná mọ́ ògiri, wọ́n ní bí kò bá ríbi padà sára ẹni tó ni ín, onítọ̀hún kò ní jí mọ́. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ mọ́ mi. Mo pè é títí, kò dáhùn. Àmúdà, èmi tí mo mọ̀ pé kòkòrò lásán ni, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọmọ́yẹlé jáde, ó ń nu ojú, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ.

Mo ń rán an bọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá, kó máa bá wọn pa aró. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n, kí o sì kí wọn.

Mo ti rọ̀ ọ́ pé kó padà sílé ọkọ, mo ní arúgbó ni ìyá yẹn, kó fojú fò ó. Ó ní ìyá kọ́ ló ń dun òun. Nígbà tí òun ṣílẹ̀kùn, ọkọ òun ló fọwọ́ di igbá náà mú.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adédìran