Ìgò Mẹ́fà Tí Mo Fọ̀ ní Muṣin

Jameelah, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ tó ń bínú, jẹ́jẹ́. Ṣé ara le? Ṣé omi ń yọ ní Muṣin? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, abo méjèèjì. Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú, yóò sì jẹ́ kí o gbé fóònù mi.

Jọ̀ọ́, gbọ́ tẹnu mi. Lọ́jọ́ tí mo wá kí ọ, tí o lọ sí iléèwé ní Yaba, mo bá ìgò mẹ́fà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, irun dúdú hù lé omi inú wọn bí orí ọmọ tuntun. Mo ní háà, ebi ń pa ọmọ mi, ọbẹ̀ tó ti bu ló ń tọ́jú. Mo sunkún, mo fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ gbogbo rẹ̀, mo dorí wọn kodò sójú fèrèsé, mo sì wọkọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀.

Mujeebah tí ẹ jọ ń gbé yàrá ló pè mí pé mo ti fọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ dànù. Ó ní ohun tó bu yẹn ló ń jẹ ṣúgà, tó ń sọ ọ́ di kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú mínírà, àti pé tí olùkọ́ rẹ ò bá rí i lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, o ò ní jáde lọ́dún yìí. Mo ní ṣé wọ́n tún ń kọ́ bí nǹkan ṣe ń bu ní yunifásítì ni? Èmi rò pé kéèyàn ṣáà gbàgbé rẹ̀ ti tó.

Ó ní ìran rẹ̀ kan náà ló máa ń bu dúdú lára àlùbọ́sà. Mo bá ju àlùbọ́sà bẹ́ẹ̀ sínú omi ṣúgà, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò kó lè máa mí. Nígbà tó hu irun, mo pè ọ́, mo gbé ìgò súnmọ́ fóònù kí o lè gbóòórùn rẹ̀, o ò gbé e. Mo lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n mi Làbákẹ́ wá kí wa, ó rí ìgò, ó ní àbúrò òun ti di ọ̀bùn, ló bá fọ̀ ọ́ mọ́ fínífíní. Jameelah, mo jókòó sílẹ̀, mo ké bí ọmọdé. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo fi ojú rẹ rí.

Ọpẹ́lọpẹ́ Dàda, àbúrò bàbá rẹ, tí kì í fọ nǹkankan. Kí Làbákẹ́ tó dé, mo ti pín díẹ̀ sínú ìgò kan ní yàrá rẹ̀, tiẹ̀ sì dúdú kirikiri. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ní ó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Látàná ni kò ti kúrò ní ṣáláńgá. Ká ní olùkọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ni, Dàda ì bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìgò náà wà lọ́wọ́ Láyíwọlá onímọ́tò. Gbà á ní Costain láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, fi owó ṣúgà ránṣẹ́ sí akáǹtì ẹ̀gbọ́n rẹ Yẹ̀kínnì, kí n lè máa bọ́ èyí tó kù, ṣùgbọ́n sọ fún bánkì pé ṣúgà ni, kí wọ́n má baà kó o fún un kó fi ra sìgá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kó máa bu fún ọ. Kò ní jẹ́ kí onímọ̀ọ́tótó kankan wọ yàrá rẹ títí olùkọ́ yóò fi rí i. Èmi gan-an, n ò wá mọ́.

Ìyá rẹ tó ń bẹ̀ ọ́,
Àmínát