Písítìn Tí Wọ́n Fi Àwọ̀ Ọ̀dà Yàn fún Ẹ̀rọ Ìgégi Bàbá Wa

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìkẹ́rù.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Igi àti Ẹ̀rọ Ìgégi,
Ọ́fíìsì Àgbà, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ PÍSÍTÌN TÓ WÀ NÍ SÍTỌ́Ọ̀ YÍN TÍ WỌN KÒ FẸ́ TÀ FÚN WA

1. Èmi ni aránṣọ ojúlé kẹsàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ agégi, ń gbé pẹ̀lú ìyá wa nínú ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló yẹ kó kọ ìwé yìí, àmọ́ bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun náà ni yóò tọrọ àforíjì pé òun gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀.

2. Ẹ̀rọ ìgégi tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé jẹ́ ti bàbá wa tó ti dolóògbé. Pupa ni wọ́n rà á, pupa ló sì wà títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀rọ ìgégi di aláwọ̀ ewé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gba òǹtẹ̀. A kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi kùn ún débi pé ó kun ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú, a sì dúpẹ́.

3. Lẹ́yìn náà ni písítìn inú rẹ̀ gbó, tí ara rẹ̀ sì ha. Bí ẹ bá fa okùn ẹ̀rọ náà báyìí, ṣe ló ń yọ́ bọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa òwú yọ lára aṣọ. Kò sí agbára níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tú u sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì ti dárí jì í. Ó rí i pé sìlíńdà tí písítìn ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń dán. Písítìn nìkan la ní láti pààrọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe irú ẹ̀rọ náà kò ṣe é mọ́, sítọ́ọ̀ yín nìkan ni òfin sì gbà pé ká ti ra páàtì. Ẹ̀rọ tó bá ti ní páàtì ìta nínú, òǹtẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn.

4. Ẹ̀gbọ́n mi mú písítìn àtijọ́ náà dání lọ sí sítọ́ọ̀. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ yín kò wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀rọ ló béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò mọ irọ́ pa, ní àwọ̀ ewé ni. Wọ́n bá gbé písítìn fún un láti orí pẹpẹ aláwọ̀ ewé. Nígbà tó délé tó tì í sínú sìlíńdà, ó ń mì níbẹ̀ bí ọmọdé tó wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀. Ó dá a padà. Wọ́n fún un ní òmíràn láti orí pẹpẹ kan náà. Èyí tóbi débi pé etí rẹ̀ lásán kò wọlé. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé pé fífẹ̀ ẹnu sìlíńdà ni wọ́n fi ń yan písítìn, àti ihò píìnì tó dè é mọ́ apá irin tó ń tì í, àti ibi tí ríìngì rẹ̀ jókòó sí. Wọ́n dá a lóhùn pé ìyẹn di ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ní sítọ́ọ̀, àwọ̀ ni iṣẹ́.

5. Ọ̀gá, aránṣọ ni mí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé oníbàárà ni mo fi ń gé ṣòkòtò fún un, ìhòòhò ni ìdajì àdúgbò yìí ì bá máa rìn.

6. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ fúnra mi. Mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì mi ha ọ̀dà ara rẹ̀ díẹ̀, pupa sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi pé mo ti ba àwọ̀ Ìgbìmọ̀ jẹ́. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ yọ́, ó mú mi dé ibi pẹpẹ pupa, ó sì sọ páálí kan kalẹ̀. Mo gbé písítìn wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú rẹ̀: ìbejì ni wọ́n. Mo na ọwọ́. Ó gbé páálí padà sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ pupa ló ni èyí. Ẹ lọ kun tiyín ní pupa, kí ẹ wá gbà á." Mo bi í bóyá ẹ̀rọ pupa ṣì ń gba òǹtẹ̀. Ó ní rárá o, àti pé òǹtẹ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í padà mọ́.

7. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ pupa ní písítìn, kò ní òǹtẹ̀. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé ní òǹtẹ̀, kò ní písítìn. Mo gbóríyìn fún ẹni tó gbé èyí kalẹ̀. Orí ẹnì kan ṣoṣo kò lè ronú kàn án. Ó gba odidi ìgbìmọ̀.

8. Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ nìyí. Igi ńlá kan tí bàbá wa gbìn wà lẹ́yìn ilé. Láti ìgbà tí ìjì kan ti jà, ó ti fì sórí yàrá ìyá wa. Gbòǹgbò rẹ̀ ti hú ní apá kan, ògiri sì ti lanu. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa ti wò ó lókèèrè títí, ó ti gorí òrùlé. Òṣìṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní a gbọ́dọ̀ gé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹ̀rọ tó ní òǹtẹ̀ nìkan la gbọ́dọ̀ fi gé e. Àwọn agégi yòókù tí ẹ̀rọ wọn ní òǹtẹ̀ ti bá iṣẹ́ ojú ọ̀nà yín lọ, òjò sì ti ń ṣú. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, mo máa ń gbọ́ tí igi náà ń ké, màá sì dá máṣíìnì dúró títí màá fi gbọ́ ikọ́ ìyá mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n má baà sunkún lé aṣọ aláṣọ lórí ni.

9. Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ kí wọ́n ta písítìn orí pẹpẹ pupa náà fún wa, kí ẹ̀rọ wa sì wà ní aláwọ̀ ewé pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún olùtọ́jú sítọ́ọ̀ pé kó máa wo písítìn tí ènìyàn bá mú wá. Bí ohun ìwọ̀n bá ṣọ̀wọ́n ní ọ́fíìsì yín, mo lè yá yín ní téèpù mi. Téèpù aṣọ kọ́ ni wọ́n fi ń wọn irin, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọ̀dà lọ.

10. A ti bẹ ìyá wa títí pé kó wá máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ pẹpẹ pupa fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè sá fún igi tí ọkọ mi gbìn. Ṣùgbọ́n mo lè lọ bá ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n gé e gbé." Òun ló mú ìwé yìí wá. Òun ló wà lórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì yín pẹ̀lú ẹní àti ìrọ̀rí. Ó di písítìn àtijọ́ náà sétí aṣọ, fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Etí ọ̀tún ló fi ń gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ pariwo. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ sí i. Kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó kàn máa sùn síbẹ̀ títí páálí orí pẹpẹ pupa yẹn yóò fi sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Aránṣọ Ojúlé Kẹsàn-án,
ọmọ ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì.