Sídì Tí Ohùn Ìyá Rẹ Wà Nínú Rẹ̀

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó pé oṣù mẹ́jọ lónìí. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún ṣì ń dùn mí, àmọ́ òrùlé ò jò mọ́. Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀rù ń bà mí. Inú sídì méjì ni ohùn ìyá rẹ wà. Ìdọ̀tí bò wọ́n, ohùn ń gé. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu ọ̀kan yípo-yípo, bí mo ṣe dán bàtà fún ogójì ọdún. Ojú rẹ̀ wá dà bí ibi tí ológbò ha. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Télọ̀ pariwo: "Bàbá, ṣé bàtà ni? Omi ọṣẹ díẹ̀, aṣọ tó rọ̀, láti ihò àárín lọ sí etí, tààrà!"

Mo fi abọ́ dán an wò. Ọwọ́ mi ṣáà ń yípo.

Inú èyí tó kù ni ìyá rẹ ti súre fún ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi sin ohùn rẹ̀. Mo fi gèlè rẹ̀ di sídì náà, awakọ̀ ń gbé e bọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi nù ún, kí o pè mí lórí fóònù kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọlọ́run á mú ọwọ́ rẹ dúró. Ó di ọwọ́ rẹ, àkọ́bí.

Bàbá rẹ