Ọkọ Mi àti Ọba Ilẹ̀ Hungary

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọsibítù ní Largo, lókè òkun níbí, ẹsẹ̀ ń ro mí. Kọ́ládé ọkọ mi jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, ó ń fóònù. Ó rí mi — ó pa á kíá. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwé tí òun ń kọ ni. Ìwé ọ̀hún: ìtàn Bárdi, òṣèlú ilẹ̀ Hungary tó fi ayé rẹ̀ jà kí wọ́n dá ọba wọn padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Bàbá Aláìlọ́ba ni mo ń pè é. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bá wa jẹun.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ "ó dàárọ̀ o." Ará Hungary wo ló ń gbọ́ Yorùbá?

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Mo rí orúkọ obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Èyíwùnmí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kọ́ládé tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fáwọn àgbà kàn mi orí rẹ̀ sí wọn díẹ̀ ni. Ìgbéraga wo nìyí? Nígbà tí à ń padà sílé, ọ̀rọ̀ Bárdi ló ń sọ. Wọ́n fi ipò mínísítà lọ̀ ọ́ kó lè gbàgbé ọba, ó kọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé. Ọba kú sí ìgbèkùn, Bárdi ní ọmọ ọba ni òun ń dúró dè. Mo bi í pé kí ni ìyàwó Bárdi sọ sí i. Kò mọ̀.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta
N kò bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Kò tilẹ̀ fura.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta
Mo bi í lójúkojú. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fómi. Ìdílé wọn ni oyè kàn nílé — òun ni àwọn afọbajẹ mú! Èyíwùnmí ni olorì tó kéré jù lọ nínú àwọn tí ọba tó wàjà fi sílẹ̀. Òun ló ń fọ̀rọ̀ ààfin tó o létí. Wọ́n ní kó pa á mọ́, kí ìdílé kejì má bàa gba kóòtù lọ.

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Kábíyèsí," àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an. A jọ ń lọ sílé fún ìwúyè lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta
Bàbá Mùíbì, olórí ẹbí wọn, pè láti kí mi. Wọ́n ní àwọn ti kun yàrá mi láàfin. Bàbá gbàdúrà, wọ́n wá bẹ̀ mí kí n ní sùúrù.

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ìyáálé. Ẹni tó bá gorí ìtẹ́ ló ń ṣú àwọn olorì lópó. Èyíwùnmí ti ń múra de ọkọ rẹ̀."

Mo bi Kọ́ládé bóyá ó mọ̀.

"Àṣà ni, Kẹ́mi. Orúkọ lásán ni."

Mo ní ṣé ó ti sọ fún Èyíwùnmí pé orúkọ lásán ni. Ó ń ká agbádá rẹ̀ sínú àpótí lọ.

Mo yọ ìwé ìrìnnà mi kúrò nínú báàgì rẹ̀. Ó rí mi. Kò ní kí n dá a padà.