Ewé Omi àti Orí Òrùlé

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, gbé ewé odò wá nínú ike, omi ń ro lára rẹ̀. Ewé mẹ́rin lórí ọ̀pá tín-ín-rín kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ká bí ìrù alágẹmọ. Wọ́n ní kì í tanná, kì í so. Wọ́n ń gún un sójú egbò, wọ́n ń sè é fún ikọ́. Ẹni tí wárápá ń dà láàmú, omi rẹ̀ ń fún un lóorun. Ọkọ mi mu ún, kò fajú ro. Èmi ni mo fajú ro.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ó sùn fọnfọn. Kò ta gìrì. Ọpẹ́ ni — síbẹ̀ àyà mi ń já.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Mo ń gbálẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn ọsíbítù rẹ̀, odidi páálí, kò tíì já a. Mo bi í. Ó ní ewé ti tó, pé oògùn yẹn ń mú kí òòyì máa kọ́ òun lórí òrùlé.
Káńpẹ́ńtà onípáànù ni. Bó ṣe ń gun òrùlé ni mo ṣe sọ ọ́ ní Ológbò. Orúkọ náà ò pa mí lẹ́rìn-ín lónìí. Ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n ń kan páànù sí, ọ̀gá rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó ní wárápá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Mo fi ìjà sẹ́nu lọ bá Àǹtí Àgbà. Wọ́n dá mi lóhùn:
"Ta ló ní kó pa oògùn ọsíbítù tì? Èmi? Kó lè rí oorun sùn ni mo ṣe fún un léwé. Ìyàwó mi, mi ò bá ikú mulẹ̀."
Wọ́n tẹ̀lé mi wálé, wọ́n bá a wí. Ó ń dáhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà." Kò gbé ẹyọ oògùn kan mì.

Ọjọ́rú, 11
Mo sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Wọ́n ti mú un sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ni yóò ti máa gé páànù. Gbólóhùn kan ló sọ fún mi látàná: "Ìwọ tí mo fi ṣe aṣọ lo bọ́ mi síhòòhò." Pálọ̀ ló ń sùn. Kí ni mo ṣe yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Kò fọwọ́ kan oúnjẹ mi.

Ọjọ́bọ̀, 19
Wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò rántí bí mo ṣe débẹ̀. Wárápá ti gbé e ṣánlẹ̀ nídìí páànù. Ó gé ahọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀. Wọ́n ti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí rẹ̀ wà lórí itan ọ̀gá. Ó lajú, ó ń wò yíká bí àlejò. Ó rí mi.
Ó ní, "Ṣé òkè ni mo wà?"
Mo ní ilẹ̀ ni.
Ó di ọwọ́ mi mú. Kò fi í sílẹ̀ títí a fi dé ọsíbítù.