Abẹ́rẹ́ Márùn-ún Nínú Ínṣì Kan

Sí àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́nu Oyin,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, àti ọmọ tó ń hu eyín? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí àlàáfíà náà má sì dínkù nígbà tí o bá kà á tán. Orúnkún tó ń dun Màmá ti rọlẹ̀. Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti wá bá mi jà pé gílóòbù méjì ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ ìránṣọ kan.

Bébà ni mo fi kọ èyí, bí owó ìfiránṣẹ́ tilẹ̀ wọ́n, nítorí mo ti rí i pé ohun tí a bá kọ sórí fóònù kì í kú.

O mọ Oníbáàgì, ọkùnrin tó ń polówó báàgì lórí búlọ́ọ̀gù mi, tó sì ti wà lórí tìẹ náà láti oṣù méjì. Ohun tó san fún mi kò ju owó síìpù dọ́sìnnì méjì lọ. Mo gbà á, nítorí mi ò ní gbé ẹrù, mi ò ní san owó ọkọ̀. Mo ní èrè tí kò ní ìnáwó nìyí.

Ó fi báàgì kan ránṣẹ́ kí n yà á ní fọ́tò. O mọ̀ mí, mi ò lè rí nǹkan kí n má kà á. Mo gbé téèpù lé etí rẹ̀, mo ka iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé nínú ínṣì kan: márùn-ún. Ojúlówó irú báàgì náà tí oníbàárà kan gbé wá fún àtúnṣe lọ́dún tó kọjá, mẹ́jọ ni. Dípò kí n dá báàgì padà, mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé, “Abẹ́rẹ́ márùn-ún dípò mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ojúlówó lẹ máa san; ta ni yóò dúró kà á?” Igba èèyàn ó lé méje ló rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹni tó dúró kà á ni lọ́yà ilé iṣẹ́ tó ni àmì ara báàgì náà. Lẹ́tà rẹ̀ dé lóṣù tó kọjá pé ayédèrú ni báàgì náà, èmi náà sì ní láti san owó gbà-máà-bínú. Mo pè é, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò tajà o, ojú ewé lásán ni mo yá a.” Kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní, “Màdáàmù, ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ká ní ẹ ò mọ̀ ni, à bá sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kà á fún wa.”

Mo wá lọ bá lọ́yà kan fúnra mi. Aṣọ ilé ẹjọ́ ni mo rán fún un dípò owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé ayédèrú ni wọ́n ń polówó lójú ewé òun, tàbí tí wọ́n kìlọ̀ fún tó ṣì fi í sílẹ̀, lè pín nínú ẹ̀bi ẹni tó ń tà á. Kíkọ “ìpolówó ni o” sókè rẹ̀ kò bo èèyàn. Yíyọ ọ́ kíá kò pa ẹ̀bi rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè dín in kù. Ó bá wọn dúnàádúrà títí, iye tí mo máa san sì jẹ́ owó ìránṣọ oṣù mẹ́jọ. Síìpù dọ́sìnnì méjì, oṣù mẹ́jọ. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo búlọ́ọ̀gù tí mo mọ̀ pé Oníbáàgì ń lò, kí n fọwọ́ sí i, kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mẹ́ta ni mo mọ̀. Tìẹ ni ìkẹta. Nígbà tí mo pè ọ́, ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ abẹ́rẹ́ kà, èmi ò mọ ìyàtọ̀ báàgì àti àpò ìrẹsì.” Òótọ́ ni, o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ka lẹ́tà yìí dé ibí, o ti mọ̀.

Mi ò ní purọ́ nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, ọmọ ìyá mi. Orúkọ rẹ máa wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síwájú rẹ̀ ni pé, “Ó ti yọ ìpolówó náà kúrò.” Mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí i kọ.

Ọlọ́run má jẹ́ ká fi èrè kékeré ra àdánù ńlá. Eyín tí ọmọ ń hu, ohun dídùn ni yóò máa fi jẹ. Èrè iṣẹ́ rẹ kò ní di ti lọ́yà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Aránṣọ.

Àfikún: Bí o bá yọ ọ́ tán, kọ ọjọ́ àti aago tí o yọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti fi àpò lẹ́tà kan sínú èyí, mo sì ti lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Má ra òmíràn.