Ìjókòó Iwájú Nínú Báṣé Bàbá Wa

Bàbá mi, ẹlẹ́ṣin tí kò ní ẹṣin kankan,

Èmi ni mò ń kọ̀wé yìí, ọmọ yín obìnrin tó ń ránṣọ ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò kàwé. Nígbà tí ẹ wà láyé, Fofó Ràímì ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ máa ń pè pé kó wá ka lẹ́tà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n kà jù. Ìyẹn náà wà lára ohun tó dùn mí. Lónìí, kò sí ẹni tó máa bá wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́, kí n tó ròyìn. Owú ni mo fi dàgbà. Mo ti ń jowú Fofó Ràímì láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, nítorí ìjókòó kan ṣoṣo ni. Ẹ rántí báṣé funfun yín, ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ gba ènìyàn méjì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó ní bẹ́ǹṣì pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ so rẹmọ́ọ̀kì, kẹ̀kẹ́ onírin tí ọkọ̀ ń fà, mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ fi ń gbé ẹṣin àwọn Àlájì lọ sí òde ìyàwó àti òde ìwéláwàní, láti Ìkpìnlẹ̀ títí dé Pobẹ̀. Fofó Ràímì ló ń bá yín jókòó níwájú. Èmi ń jókòó sẹ́yìn ní igun ọ̀tún, lórí pákó, eruku ọ̀nà Másẹ̀ á kùn mí lójú bí àtíkè pupa. Iṣẹ́ tí ẹ fún mi ni pé kí n máa wo ẹṣin. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ yẹ̀, kí n fi ọwọ́ gbá irin, ẹ̀yin á sì rọra.

Mo jowú ẹṣin pẹ̀lú. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ mọ́? Abo ẹṣin funfun Àlájì Ìkpìnlẹ̀ yẹn, èyí tí ẹ sọ ní Ìyàwó, ẹ tọ́jú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe tọ́jú ara yín lọ. Ẹ gé rọ́bà táyà ọkọ̀ ńlá, ẹ fi sáàárín ibi tí irin rẹmọ́ọ̀kì ti kọ́ ìdí báṣé, kí ọkọ̀ má baà fà á tàbí dá a dúró lójijì. Ẹ da iyanrìn àti èèrún pákó sílẹ̀ fún pátákò rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ máa ń tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà. Ẹ máa ń ti ẹṣin náà síwájú díẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ má baà wà ní ìdí rẹmọ́ọ̀kì, kí ìyẹn má lọ máa ju ìrù báṣé sókè sódò. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, torí pé mo dúró tì yín, mo ń mú ọ̀bẹ dání fún yín. Àmọ́ ìdí èmi tó wà lórí pákó ńkọ́, Bàbá? Ẹ ò bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ó ń dùn mí.

Bí mo bá sọkalẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ máa ń sọ pé ojú mi kò lè pa nǹkan mọ́ láéláé, pé bí mo bá ti yọ ẹran kan nínú ìkòkò, ẹ ó ti rí i lójú mi láti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ ó wí bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi etí aṣọ yín nu eruku ojú mi. Mo rò pé ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mi ò tíì bi yín rí. Ẹ ní kí n gbá irin, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n tó gbá a. Ọwọ́ mi kì í tíì dé ara irin tí báṣé á ti rọra. Mo rò pé inú ọwọ́ ìwakọ̀ ni ẹ ti ń mọ̀ ọ́n. Mo rò pé asán ni wíwà mi ní igun yẹn, pé ẹ kàn fẹ́ kí n wà níbì kan tí mi ò ní da ẹ̀yin àti ọmọkùnrin yín láàmú.

Nígbà tí ẹ lọ, lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ilé pè wá jọ. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ báṣé fún Fofó Ràímì. Wọ́n ní òun ló bá yín jókòó, òun ló mọ iṣẹ́. Wọ́n fún èmi ní bùtá tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá. Mo dúpẹ́, mo gbé bùtá relé, mo sunkún, kì í sì í ṣe ikú yín nìkan ni mo ń sunkún lé lórí lọ́jọ́ náà. Ẹ foríjì mí.

Ìròyìn rè é. Iṣẹ́ kò gba Fofó Ràímì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé Ìyàwó, nígbà tí wọ́n fi máa dé, òógùn ti bo ẹṣin náà láti ọrùn dé ìdí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti bó. Wọ́n wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣe háà, mo ṣe pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, Bàbá. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń kọrin. Ọmọ tó jókòó níwájú kò rí nǹkan kankan kọ́ níbẹ̀!

Ó gbìyànjú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ra irin onípele tuntun sí abẹ́ rẹmọ́ọ̀kì. Ó mú ẹni tó ń jó irin wá láti Pobẹ̀ pé kó fi amọ́tísọ̀ sí i, èyí tí ń gba gbígbọ̀n ọkọ̀ mọ́ra. Ó pààrọ̀ táyà, ó pààrọ̀ rọ́bà yín ibi ìkọ́. Lẹ́yìn náà ó wá bá mi pé kí n rán tìmùtìmù fún ara ògiri rẹmọ́ọ̀kì. Mo rán an dáadáa, mo ki òwú àràbà sí i, torí pé mi ò lè rán ìránkúràn ní orúkọ yín. Àmọ́ nígbà tó bi mí bóyá mo rántí nǹkan mìíràn tí ẹ máa ń ṣe, mo ní rárá. Mo wò ó lójú, mo ní rárá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ń jókòó ní igun, mi ò sì sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti gbà pé òun ló mọ iṣẹ́, kó máa mọ̀ ọ́n lọ.

Lẹ́yìn tìmùtìmù, ẹṣin tún ṣubú. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn Másẹ̀ ni, ibi tí àwọn onísẹ́míjàn tó ń fi alùpùpù kó èrò ti máa ń sọ wọ́n kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn. Ó ṣubú, ó fi ẹnu gbá irin, ó ṣẹ̀jẹ̀. Àlájì Ìkpìnlẹ̀ wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó ní ìwéláwàní àna òun ní Pobẹ̀ kù sí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, àánú yín ló mú kí òun fún Fofó Ràímì ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bí orúnkún ẹṣin òun bá tún bó, òun á pe ọkùnrin kan láti Sàkétẹ́ tó ní rẹmọ́ọ̀kì òyìnbó. Bó ti lọ tán, Fofó Ràímì jókòó sórí ilẹ̀.

“Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán o, àbúrò. Amọ́tísọ̀ rè é, táyà rè é. Tí Jímọ̀ bá tún bàjẹ́, mà á tà á, báṣé àti rẹmọ́ọ̀kì, n ó lọ máa ro oko mi.”

Ẹ wo ìkà tí ẹ bí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó dára, kó tà á. Ohun tí èmi kò ní, kí òun náà má ní in. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, mo lọ sí ibi tí báṣé wà, mo gbé ọwọ́ lé pákó igun ọ̀tún yẹn. Ó ti dán, ó ti wọnú díẹ̀, ìdí mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo wá rí i pé bí ẹnì kan ní ibòmíràn bá rà á, á yọ bẹ́ǹṣì yẹn dànù, á máa kó ẹ̀gẹ́. Ibi tí mo ti kórìíra láti kékeré, ibẹ̀ nìkan ni mo ní lọ́dọ̀ yín. Mo ní kí Fofó Ràímì jẹ́ kí n tẹ̀ lé e ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà a gbé Ìyàwó ní Ìkpìnlẹ̀. Mo ń lọ sẹ́yìn ni, Fofó Ràímì bá ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún mi. Ó ní ẹni tó rán tìmùtìmù kì í jókòó lórí pákó. Bàbá, mo jókòó síwájú! Ìjókòó náà rọ̀, ó ṣì ń rùn bí obì tí ẹ máa ń jẹ. Mo na ẹsẹ̀ mi. Mo wo ojú ọ̀nà tó ń bọ̀ wá bá mi, èmi tó jẹ́ pé ọ̀nà tó ń lọ ni mo ti ń wò láti kékeré. Mo ti rò pé inú mi á dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ò tíì rìn jìnnà tí Ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta irin nípàá. Mo gbé ojú sókè sí dígí tó wà lókè orí awakọ̀, kí n lè wò ó. Mi ò rí ẹṣin. Igun bẹ́ǹṣì ọ̀tún ni mo rí, pákó tó dán, kò sí ẹni lórí rẹ̀. Mo tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ Fofó Ràímì kí n lè wò ó bí awakọ̀ ṣe ń wò ó. Igun yẹn náà ni, ó tilẹ̀ wá hàn gedegbe. Mo ní kó yí dígí náà kí ó lè máa rí ẹṣin.

“Kì í yí. Bàbá ti fi bóòtù dè é pa láti ìgbà tá a ti wà ní kékeré. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá ń lọ, ibẹ̀ ni ojú wọn ń wà. Wọn kì í wo ọ̀dọ̀ mi rárá.”

Ó sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn náà. Ohùn tèmi ni. Ọkùnrin tí mo ti ń jowú láti ìgbà yìí wá, òun náà ti jókòó síbi rírọ̀ yẹn, ó ń jowú dígí.

Ẹ̀yin ni, Bàbá! Kì í ṣe ọwọ́ ìwakọ̀ ló ń sọ fún yín. Èmi ni. Irin àti rọ́bà lè gba gbígbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀ nígbà tó bá ti kó ẹsẹ̀ jọ, kí awakọ̀ tó tún fà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè pa nǹkan mọ́ ni ẹ wá fi síbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá fẹ́ yẹ̀, ojú mi ti wí kí ọwọ́ mi tó dé irin. Ẹ de dígí náà pa kí kòtò kankan má baà yẹ ojú mi kúrò nínú dígí. Ṣé dandan ni kí ẹ kú kí n tó mọ̀ ni? Nígbà tí ẹ ń wo ojú mi báyẹn, ṣé ẹ rí owú náà níbẹ̀? Ẹ rí i, àbí? Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ̀rọ̀?

Mo ní kí Fofó Ràímì dúró. Mo sọ ohun tí dígí wà fún, gbogbo rẹ̀, mo sì sọ pé mo ti purọ́ fún un nígbà tó bi mí. Kò bínú. Ó ṣáà wo dígí náà pẹ́. Mo sọkalẹ̀, mo lọ jókòó sí igun mi, mo yí ọrùn sí ọ̀dọ̀ ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ ojú mi kan sì wà nínú dígí. Ní kòtò àkọ́kọ́ ojú mi fún pọ̀, báṣé sì rọra. Ìyàwó kó ẹsẹ̀ jọ, ó mí sókè. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé, a kọjá rẹ̀. Nígbà tí a dé Pobẹ̀ orúnkún rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ gbẹ, ó ń fi imú wá obì lápò mi, ó rò pé ẹ̀yin ni. Àlájì tẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orúnkún náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀ Sàkétẹ́ mọ́.

Ẹ má rò pé owú mi ti tán. Fofó Ràímì ní ọmọ rẹ̀ obìnrin lè máa bá wa jókòó ní igun mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ aṣọ bá pọ̀ fún mi, mo sì kọ̀ jálẹ̀. Kó jókòó síwájú. Iwájú dára fún un.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹṣin dúró ní Pobẹ̀, rẹmọ́ọ̀kì ṣófo. Fofó Ràímì tún ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún mi. Mo ní kó tì í. Mo lọ sẹ́yìn, mo jókòó sí igun, kò sí ohun kankan tí mo ní láti máa wò. Mo kọ ojú mi sí dígí títí a fi délé, kí ẹ lè rí i.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú eruku lójú,
ọmọ yín tó wà ní igun ọ̀tún.